Ìwọ̀fà, Ológò àti Akẹ́kọ̀ọ́: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Ìjọba Gba Gbèsè Ẹ̀kọ́ Padà



Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ni ó kan ẹni tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó yíyá. Èsì mi kò gùn. Gbèsè jẹ́ àdéhùn, ọ̀rọ̀ ni a sì fi ń ṣe àdéhùn. Bí ọ̀rọ̀ inú àdéhùn bá ṣókùnkùn, ìjà ni yóò bí. Bí ó bá sì ṣe kedere, àwọn méjèèjì yóò lè wo ojú ara wọn lọ́jọ́ tí owó bá tó san. Iṣẹ́ wa ní ẹ̀ka yìí ni láti yẹ ọ̀rọ̀ wò, kí a sì béèrè ohun tí ó ń ṣe sí ènìyàn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé a ní ohun tí a lè wí nípa gbèsè tí ìjọba ń yá àwọn ọmọ wa lórí ẹ̀kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni èyí: ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tí ó yá a, nítorí owó gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìjọba ń gbà sin owó náà lè ba ohun tí a tìtorí rẹ̀ yá a jẹ́. Àwọn baba wa mọ ọ̀nà méjì tí a fi ń gba gbèsè. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti tọ ọ̀kan nínú wọn dé ibi tí ó le. Nàìjíríà wà ní oríta báyìí, nítorí àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀yáwó tuntun ní ọdún 2024 kò ní pẹ́ dé ìgbà tí a óò bẹ̀rẹ̀ sí béèrè owó lọ́wọ́ wọn.

GBÈSÈ NÍNÚ ÈDÈ WA

Jíjẹ ni Yorùbá ń jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a ń lò fún oúnjẹ, fún oyè, fún ìyà àti fún ogún. Ohun tí wọ́n fi jọra ni pé gbogbo wọn máa ń wọ inú ẹni lọ, wọ́n sì máa ń yí ipò ẹni padà láàrin ẹgbẹ́. Ẹni tí ó joyè ti kúrò ní ẹni àná. Ẹni tí ó jẹ gbèsè náà, ìrìn rẹ̀ yí padà: ọ̀nà tí ó máa ń gbà tẹ́lẹ̀ di ọ̀nà tí ó ń yà fún, ilé tí ó máa ń yà kí di ilé tí ó ń sá fún. Nígbà tí a bá sì wí pé ẹnì kan jogún, a mọ̀ pé kì í ṣe oko àti ilé nìkan ni ogún. Gbèsè tí bàbá fi sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe kejì, èyíinì ni yá. Mo yá owó. Mo yá a lówó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún ẹni tí ó gbà á àti fún ẹni tí ó fi fún un. Èdè wa kò jẹ́ kí a gbàgbé pé ọwọ́ méjì ni ó wà nídìí gbèsè, àti pé ojúṣe wà lọ́rùn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ òfin òde òní ni ó ka ojúṣe ayáwó ní ẹsẹ-ẹsẹ, tí kò sì sọ púpọ̀ nípa ojúṣe ẹni tí ó yá a lówó.

ÌWỌ̀FÀ ÀTI OLÓGÒ

Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó ṣe àlàyé ètò ìwọ̀fà. Ẹni tí ó bá nílò owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni ó dúró fún èlé. Johnson tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ó sì fi èdè gbè é lẹ́yìn: rírà ni a ń ra ẹrú, yíyá ni a ń yá ìwọ̀fà. Ọmọ ìlú ni ìwọ̀fà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láàrin ìlú wà síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó sì gbọdọ̀ ṣe ní ìwọ̀n.

Èmi kò wá yin ètò ìwọ̀fà. Ọmọdé tí a fi ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè bàbá rẹ̀ kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Elòmíràn sìn títí ó fi dàgbà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó tí a yá. Ó tọ́ bí ètò náà ti kú. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan: owó tí a yá kò lè pọ̀ sí i. Bí ọdún mẹ́wàá kọjá, iye tí a yá ni iye tí a óò san. Onígbèsè mọ iye tí ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ológò. Bí olówó bá béèrè owó rẹ̀ títí tí kò rí i gbà, ó lè ní kí a lọ dógò ti onígbèsè. Ológò a wọ ilé onígbèsè, a jókòó, a béèrè oúnjẹ àti ohun mímu tí apá onílé kò ká, a ki adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí mọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yóò wá di ìnáwó lọ́rùn onígbèsè. Kì í ṣe onígbèsè nìkan ni ó ń yọ lẹ́nu. Agboolé ni ó ń dà rú, kí ìyàwó, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè kọjú sí ẹni tí ó jẹ owó. Ìtìjú ni irinṣẹ́ ológò, ariwo sì ni ohun ìjà rẹ̀. Ó máa ń rí owó gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí ó bá ti jókòó sí kì í tètè rí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

AMẸ́RÍKÀ: ÌJỌBA TÍ Ó DÓGÒ TI AKẸ́KỌ̀Ọ́

Òfin ọdún 1965 lórí ẹ̀kọ́ gíga ni ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Èrò náà dára: kí ọmọ tálákà lè jókòó nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ olówó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó di ọmọ ìlú níbẹ̀ ni ó sì ti jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Lónìí, ó lé ní mílíọ̀nù 42 ènìyàn tí ó jẹ ìjọba náà ní gbèsè ẹ̀kọ́, àpapọ̀ owó náà sì ju 1.6 trillion dọ́là lọ.

Ẹni tí kò bá san owó fún 270 ọjọ́ ni a ń kà sí ẹni tí ó ti kùnà. Láti ìgbà náà lọ, ìjọba ní agbára tí olówó mìíràn kò ní. Ó lè gé tó ìdá 15 nínú 100 owó iṣẹ́ onígbèsè láìgbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ìwé ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ ni ó ń fi ránṣẹ́ ṣáájú. Ó lè gba owó orí tí ó yẹ kí a dá padà fún un. Ó lè fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì arúgbó. Ní ọdún 1991, òfin mú gbèdéke ọdún kúrò, tí ó fi jẹ́ pé gbèsè náà kì í gbó. Ní ọdún 2005, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn fọwọ́ sí i pé ìjọba lè gé owó ìfẹ̀yìntì nítorí gbèsè ẹ̀kọ́ tí ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó bá wọko gbèsè lè lọ sọ ọ́ ní ilé-ẹjọ́ kí a sì dárí gbèsè mìíràn jì í, ṣùgbọ́n láti ọdún 1976 ni òfin ti ń ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ gbèsè ẹ̀kọ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1998, àfi ẹni tí ó bá lè fi hàn pé ìnira òun kọjá ààlà.

Nígbà àjàkálẹ̀-àrùn Kòrónà, ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba náà dá gbígba owó yìí dúró. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ó tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iye àwọn tí ó ti kùnà ti lé ní mílíọ̀nù 5. Ní oṣù kìíní ọdún 2026, ó tún kéde pé òun so gígé owó oṣù àti owó orí rọ̀ ná. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Lónìí a dá a dúró, lọ́la a tún bẹ̀rẹ̀, lọ́túnla a so ó rọ̀. Kò mọ oṣù tí owó ilé àti owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ yóò dín kù. Ológò àtijọ́ ní ojú, ó ní orúkọ, a sì lè bẹ̀ ẹ́. Ológò yìí ìwé ni, ẹ̀rọ ni, ó sì ń bá onígbèsè dé ọjọ́ ogbó.

Èlé ni ó tún mú un le ju ti ìwọ̀fà lọ. Gbèsè tí a kò san ń bí ọmọ, ọmọ náà sì ń bí ọmọ. Ọ̀pọ̀ ni ó ti san owó fún ọdún púpọ̀ tí gbèsè rẹ̀ sì ju iye tí ó yá lákọ̀ọ́kọ́ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí nìkan, ìwọ̀fà sàn ju akẹ́kọ̀ọ́-jáde òde òní lọ.

NÀÌJÍRÍÀ LÁTI ỌDÚN 1972

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni mo ń sọ. Ìjọba ológun Nàìjíríà dá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1972. Àwọn tí ó yáwó kò san án padà bí ó ti yẹ, ètò náà sì dákú. Ní ọdún 1993, òfin mìíràn gbé báńkì ẹ̀kọ́ dìde láti rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kò ta gbòǹgbò. Òdì kejì ìtàn Amẹ́ríkà nìyí. Níbẹ̀, ìjọba ń gba owó títí ó fi ń gé owó arúgbó. Níbí, a kò gba owó títí àpótí fi gbẹ.

Èyí ni mo fi fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń wí pé kí ìjọba má béèrè owó rárá tún inú rò. Gbogbo wa mọ èésú. Bí àwọn tí ó kọ́kọ́ kó èésú bá dáwọ́ dídá dúró, àwọn tí ó wà lẹ́yìn ni yóò jìyà rẹ̀. Ọmọ tí ó yẹ kí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 1995 tí kò rí ẹ̀yáwó gbà, owó tí àwọn ti 1975 kò san ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ ni wọ́n di àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni ó ru igbá.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé, a sì gbọ́dọ̀ yin ìjọba fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mẹ́ta tí ó wà nínú òfin náà. Èkíní, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní onídùúró méjì tí ó jẹ́ ẹni ńlá, bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti dé ipele 12 tàbí agbẹjọ́rò tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́. Èkejì, ẹni tí ó bá kọ̀ láti san lè fojú winá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí owó ìtanràn 500,000 náírà. Ẹ̀kẹta ni ó wọ̀ mí lára jù: bí bàbá tàbí ìyá bá ti yáwó rí tí kò san, ọmọ kò lè rí ẹ̀yáwó gbà. Ìwọ̀fà ni èyí, láìsí orúkọ ìwọ̀fà: gbèsè bàbá ni a gbé kọ́ ọmọ lọ́rùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn pariwo. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin mìíràn rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ó mú ọ̀rọ̀ onídùúró kúrò, ó sì mú ọ̀rọ̀ gbèsè òbí kúrò. Ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní NELFUND ni ó ń bójú tó ètò náà, ó sì ṣí ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tún lè gba owó ìtọ́jú 20,000 náírà lóṣooṣù. A kò ní béèrè owó títí ọdún méjì yóò fi pé lẹ́yìn tí ó bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ yóò máa gé ìdá 10 nínú 100 owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí kò ríṣẹ́ lè mú ìwé ìbúra wá pé òun kò ríṣẹ́. Bí ayáwó bá kú, gbèsè náà lè bá a lọ.

Ìtẹ̀síwájú ńlá ni. Ó sì fi hàn pé bí ará ìlú bá sọ̀rọ̀, òfin lè yí padà. Nítorí náà ni mo fi ń sọ̀rọ̀ lónìí, kí ọjọ́ sísan tó dé.

ÌBẸ̀RÙ ÀWỌN AYÁWÓ

Kí ni ó ń ba àwọn ayáwó lẹ́rù? Mo rí ohun mẹ́rin tí a kò lè fi ọwọ́ rọ́ tì.

Èkíní ni kíkéré owó iṣẹ́. Láti oṣù keje ọdún 2024, 70,000 náírà ni òfin fi lélẹ̀ pé kí owó oṣù má ṣe kéré jù. Ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 7,000 náírà. Ẹni tí ń gba 700,000 yóò san 70,000, yóò sì jẹun. Ẹni tí ń gba 70,000, tí ń wọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, inú oúnjẹ ni 7,000 náà yóò ti jáde. Ìdá kan náà ni, ṣùgbọ́n ìnira kan náà kọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́-jáde wa ni ó ń ránṣọ, tí ó ń tajà, tí ó ń sin adìẹ. Oṣù kan dára, oṣù mẹ́ta burú. Ta ni yóò ka èrè wọn? Bí wọ́n bá sì búra pé àwọn kò ríṣẹ́, ṣé èké ni wọ́n pa nítorí pé wọ́n ta adìẹ mẹ́wàá ní ọdún Kérésì?

Ẹ̀kẹta ni gbèsè tí ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò fi ẹnu kàn. Owó ń lọ sí àpò ilé-ẹ̀kọ́ tààrà. Bí òbí bá ti ta ilẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ti ìjọba tó dé, tí a kò sì dá ti òbí padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà yóò san owó kan. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èdè. Èdè òyìnbó àwọn amòfin ni a fi kọ àdéhùn náà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún kà á lójú ẹ̀rọ alágbèéká, ó sì tẹ bọ́tìnì pé òun gbà. Ìyá rẹ̀, tí yóò bá a san lọ́jọ́ tí kò bá ríṣẹ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé àdéhùn kankan wáyé. Ní àtijọ́, a kì í yá ìwọ̀fà láìsí ẹlẹ́rìí. Àwọn ẹbí jókòó, wọ́n sì gbọ́ ohun tí a sọ.

ÀBÁ

Àbá mi kò ju mẹ́rin lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ojú lámèyítọ́ wò wọ́n.

Kí òfin ya iye kan sọ́tọ̀ tí a kò ní fọwọ́ kàn nínú owó ẹnikẹ́ni, kí a máa gé lára ohun tí ó bá lé sí i. Èyí kì í ṣe àlá. Ní England, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ń san ìdá 9 nínú 100 lára ohun tí ó bá lé sí 25,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Lẹ́yìn ogójì ọdún, gbèsè náà di ohun ìgbàgbé. Ètò náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí ó ní èlé, ogójì ọdún sì pẹ́. Ṣùgbọ́n kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni.

Kí a máa fún gbogbo ayáwó ní ìwé lọ́dọọdún tí yóò sọ iye tí a san fún ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ tí a san án, àti iye tí ó kù. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba owó lẹ́ẹ̀mejì, ilé-ẹ̀kọ́ ni kí a sin owó lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì yọ ọ́ kúrò lọ́rùn ọmọ.

Kí a kọ àdéhùn náà ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ìgbò àti ní àwọn èdè yòókù, ní gbólóhùn tí ìyá ọlọ́jà lè gbọ́ bí a bá kà á sí i létí. Iṣẹ́ ẹ̀ka wa ni èyí, mo sì rò pé ó yẹ kí a fi í lọ ìjọba láìdúró de ìpè.

Kí a gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ayáwó lè lọ bá kí a tó gé owó rẹ̀. Bí onígbèsè bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kò ní sá. Bí kò bá sá, yóò san. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti yá owó yìí, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Owó èésú ni. Ẹni tí yóò kó o lẹ́yìn yín lè wà ní kíláàsì kejì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lónìí, ní Ìséyìn tàbí ní Ìkàrẹ́, kò sì tíì mọ̀ pé òun yóò nílò rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá pé tí ẹ sì ní, ẹ san án.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìjọba, ẹ̀kọ́ ni ẹ fẹ́ fún ọmọ yìí nígbà tí ẹ yá a lówó. Ẹ fẹ́ kí ó di ẹni tí ó lè dúró láàrin ìlú, kí ó sọ èrò rẹ̀, kí ó kọ́ ilé, kí ó tọ́ ọmọ. Bí ọ̀nà tí ẹ ń gbà gba owó náà bá sọ ọ́ di ẹni tí ń sá fún lẹ́tà, tí ń fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́, owó lè wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ẹ rà ti ṣègbé. Àkókò ṣì wà. Láàrin ìsinsìnyí àti ọjọ́ tí a óò gé owó oṣù àkọ́kọ́, a lè tún àdéhùn náà kọ lọ́nà tí olówó àti onígbèsè yóò fi lè jókòó sí gbọ̀ngàn kan náà bí ọmọ ìlú kan náà.